Ìpìlẹ̀ Ààrò Búrẹ́dì ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ọdún kejì sí ìgbà tí àìsàn kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, tí wọ́n ní kí a má kírun pọ̀ ní mọ́sáláṣí mọ́, ni àbígbẹ̀yìn mi kó ẹrù rẹ̀ dé láti Ìbàdàn. Èmi kò mọ nọ́ńbà ọdún, n kò lọ sí ilé ìwé. Bí mo ṣe ń ka ọdún nìyẹn. Ọmọ tí àbígbẹ̀yìn yìí bí ni mo ń sọ ọ́ fún tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti ní kí ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kí ó má bá mi tún un ṣe.

Ilé búrẹ́dì tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn ni ó kógbá sílé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà. Ó mọ búrẹ́dì ṣe, ó mọ kéèkì ṣe, ó sì mọ ohun kan tí wọ́n ń pè ní písà ṣe, búrẹ́dì pẹlẹbẹ bí àwo tí wọ́n ń da tòmátì àti wàrà òyìnbó lé lórí. Ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ní Òṣogbo ń wá a kiri. Ó ní òun kò tún ní ṣe ọmọọṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́; ààrò ni òun fẹ́ mọ sí ẹ̀yìnkùlé bàbá òun, ààrò alámọ̀ tí orí rẹ̀ rí rìbìtì bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, tí a óò máa fi igi dá iná sínú rẹ̀.

Inú mi dùn sí i. Ilé ọkọ mi ni ilé Ìlobù tí mo wà yìí. Èmi fúnra mi, ọmọ Ìfọ́n ni mí. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ ti fọ́n ká, èmi nìkan ni mo ń ṣílẹ̀kùn tí mo sì ń tì í. Kí ọmọ ẹni padà wálé, kí èéfín máa rú ní ẹ̀yìnkùlé ẹni, kí ni a tún ń fẹ́?

Ìgbà tí bíríkìlà dé ni àyà mi já. Èmi rò pé orí ilẹ̀ lásán ni a óò mọ amọ̀ náà lé, bí a ti ń mọ ààrò irú àtijọ́. Bíríkìlà ní rárá. Ó ní búlọ́ọ̀kù ni a óò fi mọ ìdí rẹ̀ ga dé ìbàdí kí ẹ̀yìn má baà máa ro ẹni tí yóò lò ó, a óò rọ ilẹ̀ pupa kún àárín rẹ̀, a óò wá da kọnkéré bò ó, kí a tó mọ amọ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kí búlọ́ọ̀kù kan tó jókòó, ó ní òun yóò gbẹ́ ilẹ̀ yíká, yóò jìn dé orúnkún. Ibi tí ọmọ mi sì nawọ́ sí ni igun kan lẹ́yìn ilé ìdáná àtijọ́, nítorí atẹ́gùn ibẹ̀ ń gbé èéfín lọ sí apá igbó.

Mo gbọdọ̀ sọ ohun tí ó bà mí lẹ́rù kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ẹni tó bá ń kà á.

Mo bí ọmọ kan ṣáájú gbogbo àwọn tí ayé mọ̀ mọ́ mi. Ọkùnrin ni. Ó ti ń di ògiri mú dìde, eyín méjì ti yọ sí i nísàlẹ̀, kí ibà tó kọlù ú, tí kò fi rí ọjọ́ kẹrin. Nílẹ̀ tiwa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, àwọn obìnrin ilé mú mi wọ yàrá, wọ́n ti fèrèsé, àwọn méjì jókòó ti ẹnu ọ̀nà. Mo ń gbọ́ ìró ọkọ́ láti inú yàrá. Ẹ̀yìnkùlé ni ó ti ń wá, ìyẹn dá mi lójú, ṣùgbọ́n apá ibo, n kò lè sọ. Bàbá ọkọ mi àti àbúrò ọkọ mi ni ó gbẹ́ ilẹ̀, tí àfáà kírun sí i lára. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n jáde lẹ́yìn ọjọ́ méje, wọ́n ti ro gbogbo ẹ̀yìnkùlé láti ìdí ògiri dé ọgbà, wọ́n kọ ebè sí i, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ yíká. Kò sí ibi tí ilẹ̀ kò rọ̀, kò sí ibi tí ènìyàn lè wò kí ó ní ibí ni. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí n má baà lè wá a. Ìyá ọkọ mi wá kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá tún bímọ, n kò gbọdọ̀ dárúkọ èyí tó lọ létí àwọn tó bá dúró. N kò dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo bí èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́bí mi, mo jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹ̀gẹ́ àti ewébẹ̀ nìkan ni a ń gbìn níbẹ̀. Ọkọ́ kì í wọlẹ̀ jìnnà. Dígà bíríkìlà ni ó ń wọlẹ̀. Iná ni wọ́n sì tún fẹ́ máa dá síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo bi bíríkìlà léèrè pé, "Ṣé dandan ni kí a gbẹ́ ilẹ̀?"

"Màmá, ààrò yìí máa wúwo ju màlúù mẹ́ta lọ," ó dá mi lóhùn. "Tí a bá kàn to búlọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀, òjò kan péré, ó máa fì sápá kan bí ẹni tó mu ẹmu yó."

"Jẹ́ kó fì."

"Tó bá fì, ó máa sán. Tó bá sán, èmi ni wọ́n máa bú. Ẹnikẹ́ni ò ní bú òjò."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má dá Màámi lóhùn jàre. Ayé amọ̀ ni wọ́n dàgbà sí, wọn ò fọkàn tán sìmẹ́ǹtì."

Bíríkìlà gbá èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó ta okùn mọ́ wọn, ó ní ó di ọ̀la.  Bí mo ti kírun àárọ̀ tán, tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fa èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu, mo gbé wọn sún mọ́ ìdí ògiri. Mo dúró wò ó. Ọkàn mi ní, bó bá jẹ́ ìdí ògiri gan-an ni ńkọ́? Ṣebí ìdí ògiri ni àgbàrá kì í ti í wọ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá láàánú ọmọ yóò sin ín síbẹ̀. Mo tún fà wọ́n tu, mo gbé wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn náà, ta ni ó gbìn ín? Mo bá a níbẹ̀ ni àbí ó hù lẹ́yìn ọmọ? N kò rántí. Ẹ̀yìnkùlé tí mo ti ń gbálẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò wá sí ibi tí mo lè fẹsẹ̀ tẹ̀ tí ara mi balẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, mo dá àwọn èèkàn padà sí ojú ihò wọn àkọ́kọ́, mo fi ọmọ odó gbá wọn wọlẹ̀, mo lọ da omi sí ẹ̀kọ.

Bíríkìlà dé, ó fi okùn wọn igun dé igun, ó tún un wọ̀n, ó họ orí.

"Àwọn èèkàn yìí ti rìn."

"Ó lè jẹ́ ewúrẹ́," ni mo wí.

"Màmá, ewúrẹ́ wo ló ń fa èèkàn tu tó tún ń gbá a padà?" Ó wo ojú mi, ó wo ọmọ odó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná tí erùpẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ewúrẹ́ yìí mọ iṣẹ́ díẹ̀ o. Kò kàn mọ igun ni."

Ó tún wọn èèkàn rẹ̀ ṣe, ó gbé dígà. Mo gbé àpótí sí ibi tí mo ti lè rí ọwọ́ rẹ̀.  Mo ní kí ó máa rọra. Ó ní òun kò tíì rí ilẹ̀ tí ẹnìkan ń bá a bẹ̀bẹ̀ báyìí rí. Nígbà tí ó gbẹ́ apá kejì, irin rẹ̀ kan nǹkan líle, ó dún kì. Mo ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Mo ní, "Dúró. Má fọwọ́ kàn án."

Ó dúró. Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ihò náà, mo fi ọwọ́ mi hú erùpẹ̀ kúrò. Àpáàdì ni, ẹ̀yà ìkòkò dúdú kan. Mo gbé e sọ́wọ́, mo ń fi àtàǹpàkò nu erùpẹ̀ ara rẹ̀.

Ọmọ mi ti jáde síta. Ó wo èmi àti àpáàdì ọwọ́ mi. Ó ní kí bíríkìlà lọ sinmi díẹ̀. Nígbà tí ó ku àwa méjì, kò gbé mi dìde. Òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màámi, láti àná ni mo ti ń wò yín. Ẹ ní kó má gbẹ́lẹ̀. Ẹ fa èèkàn rẹ̀ tu. Ẹ ń dá a dúró níwájú mi. Tí ẹ kò bá fẹ́ kí n wà nínú ilé yìí, ẹ sọ ọ́ síta. Mo lè padà síbi tí mo ti wá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ kò sọ ọ́. Ìṣe yín ló ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ilé ìwẹ̀ síwájú ilé, ẹ bá a gbé omi. Tèmi ló kàn, ilẹ̀ di ẹyin."

 Ìkìlọ̀ ìyá ọkọ mi ṣì dí mi lẹ́nu lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ohun tí mo rí sọ kò ju pé, "Fún mi ní òní. Mo fẹ́ dé Ìfọ́n." Ó rò pé mo fẹ́ lọ fi ẹjọ́ òun sun àwọn ará ilé mi ni. Ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó wọlé.

Nínú àwọn tó mọ ibi tí ọmọ náà wà, ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé, àbúrò ọkọ mi. Ìfọ́n ni ó ń gbé, lórí ilẹ̀ àwọn ìyá tó bí i, tí ó ń dáko. Mo gun ọ̀kadà lọ. Kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ó jìnnà. Mo bá a níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀pà. Ọjọ́ orí wa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n mo bá a nílé ọkọ, nítorí náà ó ju mí lọ. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní. Bó ti máa ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tí mo wọlé wọn. "Ta ló gbé eegun yìí sórí ọ̀kadà?"

"Ọ̀rọ̀ ló gbé mi, Bàbá kékeré. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ara ríro, kò sóògùn lọ́wọ́ mi o. Orúnkún tèmi náà ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Mo jókòó, mo bá a bó ẹ̀pà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sọ fún un: ààrò, búlọ́ọ̀kù, igun tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. N kò bi yín ní ibi tí ó wà. Kí ẹ sáà sọ fún mi pé kò sí ní igun yẹn. Ìyẹn nìkan."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀pà. 

"Tí mo bá ní kò sí ní igun yẹn, lọ́la o máa béèrè ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lọ́túnla, o máa béèrè ìdí ògiri. Ọjọ́ tí mo bá dákẹ́, o ti mọ̀."

"N kò ní béèrè ibòmíràn."

"Ìyàwó, abiyamọ ni ọ́. Irọ́ lo ń pa, ìwọ fúnra rẹ ò sì mọ̀ pé irọ́ ni." Ó tún mú ẹ̀pà. "Bàbá mi gba ìlérí lẹ́nu mi lórí ilẹ̀ yẹn. Mo ní n kò ní sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kú, kò bi mí rí."

"Iná ni wọ́n fẹ́ dá níbẹ̀."

"Mo ti gbọ́."

 Ó di ẹ̀pà fún mi nínú ọ̀rá, ó ní kí n bá òun kí àbígbẹ̀yìn mi. Mo padà sí Ìlobù pẹ̀lú ọ̀rá ẹ̀pà lórí itan mi, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá rí èsì, ọ̀kan nínú méjì ni: kí n jẹ́ kí wọ́n dáná lé ọmọ mi lórí, tàbí kí n jẹ́ kí ọmọ mi kẹ́rù jáde pẹ̀lú èrò pé mo lé e.

Kí n tó délé, bíríkìlà ti gbẹ́ ilẹ̀ tán, ó ti da kọnkéré sínú rẹ̀. Ó ní sìmẹ́ǹtì tí a bá ti tú ẹnu àpò rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo bi í ní ohun tí ó rí nínú ilẹ̀. Ó ní gbòǹgbò, òkúta, àti ìdérí ìgò kan. Mo ní ṣé kò sí ohun mìíràn. Ó ní, "Màmá, kí lẹ pàdánù?" Mo gbé ọ̀rá ẹ̀pà mi wọlé. Ṣé ara ọmọ jòjòló máa ń kù sílẹ̀ fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kí bíríkìlà tó lè rí i? Èrò tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn, ó sì ṣe mí bí ẹni pé kí n fi ọwọ́ bo orí.

Ọjọ́ méjì ni a fi jẹ́ kí kọnkéré gbẹ. Ọmọ mi ń kí mi láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún mi, kò bá mi sọ ju ìyẹn lọ. Mo rí i pé ó ti di àpò rẹ̀ ńlá. Lọ́jọ́ kẹta bíríkìlà to búlọ́ọ̀kù ìlà kìíní àti ìkejì, ó fi igun kan sílẹ̀ láìdí, ó bẹ̀rẹ̀ sí rọ ilẹ̀ pupa sí àárín. Ó ti mú igi ńlá tí a fi ń gún ilẹ̀ mọ́lẹ̀ wá. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn àbúrò ọkọ mi lójúde. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí kò ti wá sí Ìlobù.

Ọmọ mi sáré lọ kúnlẹ̀. Ó kí i, Bàbá kékeré gbàdúrà fún un, ó tọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ láìjókòó, èmi tẹ̀ lé e. Ó dúró níwájú búlọ́ọ̀kù. Ó wò ó láti igun dé igun.

"Ta ló fẹ́ gún inú rẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá," ni bíríkìlà dáhùn.

"Gbé igi yẹn wá."

"Bàbá, ẹ jókòó. Iṣẹ́ alágbára ni."

"Ilé tí o ń wò níwájú rẹ yìí, ẹsẹ̀ wa la fi po amọ̀ rẹ̀. Ìwọ ò tíì láyé nígbà náà. Gbé e wá."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó di èjìká bíríkìlà mú, ó gba igun tí wọ́n kò tíì dí wọlé sí àárín búlọ́ọ̀kù. Ó dúró lórí ilẹ̀ pupa náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó gbé igi, ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Gbì. Ó sún, ó tún gbé e. Ó gún igun kìíní, ó gún ìkejì, ó gún gbogbo rẹ̀ títí ó fi kárí, ó mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ ibi tí igi kò dé. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ó gbójú sókè wò mí. 

Èsì tí mo tìtorí rẹ̀ lọ bá a ní Ìfọ́n nìyẹn. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ọmọ sínú ilẹ̀ kò ní gbé igi gún orí rẹ̀. Mo jókòó sórí òkìtì yanrìn.

Nígbà tí ó jáde, tí ó mu omi tán, ó ní òun fẹ́ gba ẹ̀yìn ọgbà já sí títì. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé ló wà láàárín òun àti ọgbà. Mo yíjú padà kíá, mo kọjú sí àpò sìmẹ́ǹtì, nítorí pé bó bá yẹra fún ibì kan bó ti ń kọjá, ojú mi yóò rí i. Mo ń gbọ́ ìró ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń lọ, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.

"Màámi, kí lẹ ń wò lára sìmẹ́ǹtì?" ni ọmọ mi bi mí.

Bíríkìlà ti lọ pọn omi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, lórí yanrìn. Ó gbọ́ títí. Ó bi mí ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀. Ó fi orí lé mi lórúnkún, ó ní, "Mo ti di ẹrù mi pọ̀ láti ìjẹta." Mo ní mo mọ̀.

N kò ní purọ́ pé ọkàn mi balẹ̀ tán pátápátá. Ọjọ́ mìíràn, bí iná bá ń jó nínú ààrò náà, èrò kan a wá pé bóyá àánú mi ló ṣe é tó fi gún un. N kì í bi í. Mo ti ní n kò ní béèrè mọ́.

Ní Iléyá ọdún náà, gbogbo àwọn ọmọ mi wálé. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo ní kí wọ́n jókòó. Mo sọ fún wọn pé wọ́n ní ẹ̀gbọ́n kan tí eyín méjì ti yọ sí lẹ́nu, mo sì dárúkọ rẹ̀. Mo sọ fún èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́bí pé ìkejì ni, kí ó má bínú. Mo wá ní, "Bàbá kékeré yín kò ní pẹ́ láyé jù mí lọ. Ẹ lọ bá a ní Ìfọ́n, ẹ̀yin ọmọ, kí ó sọ ibi tí ó wà fún yín, kí ẹnikẹ́ni má baà gbẹ́ ilẹ̀ lé e nígbà tí a kò bá sí mọ́. Òun ṣèlérí pé òun kò ní sọ fún òbí ọmọ náà. Kò ṣèlérí nípa àwọn àbúrò rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti mọ̀ ọ́n, ẹ máa rìn bí ẹ ti ń rìn tẹ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé yìí, kí n má baà ti ìrìn yín mọ ibẹ̀."